Òfin Oúnjẹ Ẹran Ọ̀sìn: Ìdí Tó Fi Yẹ Kí Ìṣọ́ Bẹ̀rẹ̀ Láti Ọjà Àgbàdo

Nínú gbogbo 100 náírà tí ẹni tó ń sin adìẹ ní Nàìjíríà bá ná lórí oko rẹ̀, nǹkan bíi 60 sí 70 ló ń bá oúnjẹ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn kì í fi í kọjá ọ̀rọ̀ owó lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn: iye tí wọ́n ń ta àpò kan lónìí, ibi tí owó àgbàdo gùn dé, ìgbà tí ìjọba yóò tún gbà kí wọ́n kó ọkà wọlé láti òkè òkun. Òótọ́ ni pé owó oúnjẹ ti lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kúrò nídìí adìẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ owó yìí tí a kì í sábà gbọ́: kí ni òfin sọ nípa ohun tó wà nínú àpò náà, ta ló ń ṣọ́ ọ, ibo sì ni ìṣọ́ náà parí sí? Ìbéèrè yìí kan ẹni tí kò ní ju àkùkọ kan lọ lẹ́yìnkùlé, ó sì kan ẹni tí kò sin nǹkan kan rárá, nítorí ohun tí adìẹ jẹ ló ń di ẹyin, ohun tí màlúù jẹ ló ń di wàrà, àwa la sì ń jẹ méjèèjì.

Àsìkò tó láti bi ìbéèrè náà. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé ìjọba àpapọ̀ yóò ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí yóò dá dúró fún ìdàgbàsókè ẹran ọ̀sìn, kí ọdún náà sì tó parí, Idi Mukhtar Maiha ti di mínísítà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibi ìjẹko, ọ̀rọ̀ darandaran àti ọ̀rọ̀ wàrà ló gba ojú ìwé ìròyìn láti ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń pò, tí wọ́n sì ń tà fún ẹran kò tíì rí àyè tó tọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹni tó ń sin adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ẹja ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ń bá fínra lójoojúmọ́.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Òfin wà, àwọn tó ń ṣọ́ òfin sì pọ̀. Àjọ NAFDAC, tí wọ́n fi òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ló ń fi orúkọ oúnjẹ ẹran tí wọ́n dì sínú àpò fún títà sílẹ̀, òun náà ló sì ń ṣọ́ oògùn ẹran àti àdàlù fítámì òun èròjà tí àwọn ọlọ́sìn ń pè ní prímíìsì. Àjọ SON, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin ọdún 2015, ló ń kọ ìlànà ìwọ̀n: bí purotéènì ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó nínú oúnjẹ adìẹ tó ń yé, bí kálísíọ̀mù ṣe gbọ́dọ̀ tó, bí omi inú rẹ̀ kò ṣe gbọ́dọ̀ ju ibi báyìí lọ. Àjọ NIAS, tí òfin ọdún 2007 gbé kalẹ̀ fún àwọn onímọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn, ń forúkọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì ń yẹ àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ ẹran wò. Àwọn dókítà ẹran ní ìgbìmọ̀ tiwọn, VCN. Lẹ́yìn gbogbo wọn, àjọ FCCPC wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fowó ra ọjà tí kò péye, lábẹ́ òfin tí Ààrẹ buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019.

Ẹni tó bá ka ìpínrọ̀ yìí lè rò pé ìṣọ́ ti pé. Lójú tèmi, pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ gan-an wà lára ìṣòro náà. Àríyànjiyàn ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn dókítà ẹran àti àwọn onímọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn lórí ibi tí ààlà iṣẹ́ wọn wà, àwọn tó ní fíìdìmìlì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń lọ̀ tí wọ́n sì ń po oúnjẹ ẹran, náà sì máa ń ráhùn pé àjọ tó wá lónìí ń béèrè owó àti ìwé tí ti àná ti béèrè. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni pé ibì kan náà ni ojú gbogbo wọn dojú kọ: àpò tó ti di dídì, tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà lára. Àpò yẹn sì kọ́ ni gbogbo oúnjẹ tí ẹran ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo fíìdìmìlì kan, irú èyí tó kún Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti agbègbè Ìjẹ̀bú. Àgbẹ̀ mú ìwé pélébé kan wá tí wọ́n kọ ìwọ̀n oúnjẹ tọ́ọ̀nù kan sí: àgbàdo bíi kílò 500, sóyà, èérí wíìtì, ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tí gbogbo ọlọ́sìn ń pè ní GNC, èérún ekùrọ́ tí wọ́n ń pè ní PKC, egungun lílọ̀, ìkarahun, iyọ̀, prímíìsì kílò 2.5. Ó lè jẹ́ pé ó ra àgbàdo rẹ̀ ní Bódìjà, ó ra GNC lọ́wọ́ ẹni tó kó o wá láti òkè ọya, ó sì ra prímíìsì ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ohun gbogbo lórí òṣùwọ̀n, wọ́n da àgbàdo sínú ẹ̀rọ ìlọ̀, wọ́n da ìyókù sínú ẹ̀rọ ìpò, ó yí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n rọ ọ́ sínú àpò tí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ mú wá, ó sanwó ìlọ̀, ó gbé e lọ. Àpò yẹn kò ní orúkọ, kò ní nọ́ńbà NAFDAC, kò ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹni tó ni ẹ̀rọ yóò sọ pé ìlọ̀ lòun lọ̀, kì í ṣe òun ló ni ọkà. Ẹni tó ta ọkà yóò sọ pé òun kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Bí adìẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ òfin kò ní ibi tí yóò gbá mú.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ àgbàdo wò níbẹ̀ náà yẹ ní wíwò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò ti ọwọ́ bọ inú àpò dé ìgbọ̀nwọ́, láti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ gbóná, nítorí ọkà tí kò gbẹ máa ń yá gágá láàárín àpò. Yóò mú hóró kan, yóò fi eyín gé e. Bó bá le tó sì fọ́ pẹ́ú, ó gbà á, bó bá rọ̀ lábẹ́ eyín, ó yọwó kúrò nínú rẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ òfò. Ṣùgbọ́n eyín kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá omi inú ọkà jẹ́ ìdá 12 tàbí ìdá 16 nínú 100, bẹ́ẹ̀ àárín méjèèjì yìí ni ewu wà: ọkà tí omi rẹ̀ kò ju 12 tàbí 13 lọ ṣeé tọ́jú pamọ́, èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò bu. Ẹ rántí pé oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni àgbàdo àkọ́kọ́ ń gbó ní ilẹ̀ wa, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ tí oòrùn kò sì tó láti sá a. Àgbàdo tó pọ̀ jù tó sì rọjú jù lọ nínú ọdún ni òjò sábà máa ń bá lóko.

Májèlé tó ń wá pẹ̀lú ọkà tó bu ni aflatoxin, òun ló sì kọ́kọ́ kọ́ ayé pé oúnjẹ ẹran nílò òfin tirẹ̀. Ní ọdún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù mélòó kan. Àwọn oníṣègùn ẹran wá àrùn náà títí, wọn kò rí i, wọ́n wá sọ ọ́ ní àrùn X. Nígbà tí wọ́n tọ ọ̀nà oúnjẹ, wọ́n rí i pé ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, tí wọ́n kó wá láti Bùràsíìlì, ló so gbogbo wọn pọ̀, pé olú kan tó ń jẹ́ Aspergillus flavus ti hù sára ẹ̀pà náà, ó sì ti tu májèlé sínú rẹ̀. Olú yìí kan náà ló ń hù sára àgbàdo àti ẹ̀pà wa. Sísè tàbí yíyan lásán kì í mú májèlé náà kúrò. Nínú adìẹ, ẹ̀dọ̀ ló ń kọ́kọ́ bá wí, á wú, á sì di aláwọ̀ ìyeyè. Ẹyin á dín kù. Agbára tí ara fi ń gba àjẹsára á sì rẹlẹ̀, débi pé àgbẹ̀ á gún abẹ́rẹ́ àrùn lùkúlùkú fún gbogbo agbo rẹ̀, àrùn náà á tún pa wọ́n, á sì máa dá ẹni tó ta abẹ́rẹ́ lẹ́bi. Díẹ̀ ló ń bọ́ sínú ẹyin. Inú wàrà ló ti ń pọ̀, nítorí màlúù tó bá jẹ oúnjẹ tó ní májèlé náà yóò fún wàrà tó ní in ní ọjọ́ kejì. Nínú ọmọ èèyàn, ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, bó bá sì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ó ń pani wàràwàrà: ní Kẹ́ńyà ní ọdún 2004, èèyàn 317 ló ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ àgbàdo tó bu, 125 nínú wọn sì kú.

Àwọn ìlú tó ti jìyà rẹ̀ fi nọ́ńbà sínú òfin. Ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, èròjà oúnjẹ ẹran kò gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 20 májèlé yìí lọ nínú ìdá bílíọ̀nù kan, oúnjẹ màlúù tó ń fún wàrà kò sì gbọ́dọ̀ ju 5 lọ. Amẹ́ríkà náà gbà 20 fún màlúù wàrà àti fún ẹran kékeré, ṣùgbọ́n ó gbà tó 100 fún adìẹ tó ti dàgbà àti 300 fún màlúù tí wọ́n ń bọ́ sanra kí wọ́n tó pa á. Láti mọ bí 20 nínú bílíọ̀nù kan ṣe kéré tó, gíráàmù 20 péré ni nínú ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù àgbàdo. Májèlé tó kéré tó báyìí kì í tàn káàkiri àpò dọ́gbadọ́gba. Hóró kan tó bu lè kó púpọ̀ sínú kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Nítorí náà ni òfin Yúróòpù kì í fi í dúró lórí nọ́ńbà nìkan. Ó tún sọ bí wọn yóò ṣe bu ọkà tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, láti igun mélòó nínú ọkọ̀, ìwọ̀n kílò mélòó, àti bí wọn yóò ṣe lọ̀ ọ́ pọ̀ kí wọ́n tó mú díẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò. Òfin tó bá ní nọ́ńbà láìní ìlànà bíbù, ẹni tó bá fẹ́ kó yege yóò máa bu láti ibi tó dára.

Ohun kan wà tó yẹ kí inú wa dùn sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan lára àwọn ìdáhùn tó dára jù lọ ní Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà, wá irú Aspergillus flavus tó wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà tí kò lè tu májèlé, wọ́n mú mẹ́rin nínú wọn, wọ́n fi wọ́n sára ọkà bàbà tí kò lè hù mọ́, wọ́n sì pè é ní Aflasafe. Àgbẹ̀ yóò fọ́n kílò 10 sórí hẹ́kítà kan ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Olú tí kò ní májèlé yóò gba ilẹ̀ mọ́ èyí tó ní májèlé lọ́wọ́. Ó ń dín májèlé náà kù ní ìdá 80 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, NAFDAC sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 2014. Kí ló wá dé tí gbogbo àgbẹ̀ kò fi máa lò ó? Nítorí pé owó kan náà ni ọjà ń san fún àgbàdo tó mọ́ àti èyí tó ní májèlé, nígbà tí kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ibí yìí ni àìsí ìṣọ́ ti ń jẹ àgbẹ̀ olóòótọ́ níyà tààrà.

Ẹ̀pà tó wá láti Bùràsíìlì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí a ṣe ń wo ìtàn àwọn òfin tó kù, torí pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú gbogbo wọn: èròjà ni ewu ti ń wọlé, ìgbà tó bá dé inú àpò tó lórúkọ ó ti bọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, egungun àti ẹran tí wọ́n lọ̀ ni. Wọ́n ń fi òkú màlúù bọ́ màlúù láti fi kún purotéènì, àrùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní BSE sì ń gba ibẹ̀ tàn. Wọ́n dá a mọ̀ ní ọdún 1986, wọ́n fòfin de fífi irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ bọ́ màlúù ní ọdún 1988, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń lọ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ ń bá ẹ̀rọ kan náà lọ sínú ti màlúù, àrùn náà kò sì dáwọ́ dúró. Màlúù tó lé ní 180,000 ló mú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1996 ni ìjọba gbà ní gbangba pé ó ṣeé ṣe kó ti ran èèyàn. Ní ọdún 2001 ni Yúróòpù fòfin dè é fún gbogbo ẹran tí wọ́n ń sìn fún jíjẹ. Ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ kan náà yìí kan fíìdìmìlì tiwa gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ẹ̀rọ tó lọ egungun fún adìẹ láàárọ̀ lè lọ oúnjẹ màlúù ẹlòmíràn lọ́sàn-án.

Ti Bẹ́ljíọ̀mù yára ju ìyẹn lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1999, epo inú ẹ̀rọ amúnáwá ńlá, tó kún fún PCB àti dioxin tí wọ́n jẹ́ kẹ́míkà olóró, bọ́ sínú ọ̀rá àlòkù tí ilé iṣẹ́ kan ń kó jọ láti tà fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ẹran. Epo náà kò pọ̀. Dioxin inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù kan lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rá yẹn wọ inú oúnjẹ tí wọ́n pín sí oko tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ní oṣù Kejì ni adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín ẹyin kù, tí òmíràn kò pa mọ́, tí àwọn òròmọdìẹ tó jáde ń wú tí wọn kò sì lè dúró. Àwọn aláṣẹ mọ̀ kí aráàlú tó mọ̀. Ìparí oṣù Karùn-ún ni ìròyìn tó jáde. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, mínísítà ètò ọ̀gbìn àti ti ìlera kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù náà, ìbò dé, ìjọba Jean-Luc Dehaene sì wó. Wọ́n pa adìẹ ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Bẹ́ljíọ̀mù kó gbogbo àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ èèyàn àti ti ẹran sábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Ọ̀rá náà tún ni wàhálà ní Jámánì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011, nígbà tí ọ̀rá tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ilé iṣẹ́, tí kì í ṣe fún jíjẹ, bọ́ sínú oúnjẹ ẹran, tí wọ́n sì ti oko tó lé ní 4,700 pa títí àyẹ̀wò fi parí.

Ti Ṣáínà yàtọ̀, ọ̀gbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí ni, ó sì yẹ kí a tẹjú mọ́ ọn nítorí pé ó ṣeé ṣe níbi gbogbo. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ iye purotéènì tó wà nínú oúnjẹ ni èyí tí Johan Kjeldahl, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Dẹ́ńmáàkì, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1883. Ọ̀nà náà kì í ka purotéènì fúnra rẹ̀. Náítírójìn ló ń kà, wọ́n á wá fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó bá da ohun tí náítírójìn rẹ̀ pọ̀ sínú ọjà yóò rí èsì tó wu olùrà, bí purotéènì kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Melamine, tí wọ́n fi ń ṣe àwo ike, jẹ́ náítírójìn ní ìdá 66 nínú 100. Ní ọdún 2007, ìyẹ̀fun wíìtì tí wọ́n fi melamine pò wá láti Ṣáínà dé inú oúnjẹ ajá àti ológbò ní Amẹ́ríkà, kíndìnrín àwọn ẹran náà sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ohun kan náà wà nínú wàrà ọmọ ìkókó ní Ṣáínà: ọmọ mẹ́fà kú, nǹkan bíi 300,000 ló ṣàìsàn. Yúríà, ajílẹ̀ tó wà ní gbogbo ọjà wa, jẹ́ náítírójìn ní ìdá 46. Ẹni tó bá ń ra ẹja lílọ̀ tàbí GNC pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò tí kò kọ ju iye purotéènì lọ, kò mọ ohun tó ń rà, nítorí ìwé náà kò lè ya yúríà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹja, àyàfi bó bá bèèrè pé kí wọ́n yẹ yúríà wò lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn ìyà wọ̀nyí ni Yúróòpù kọ òfin méjì tí ọ̀pọ̀ ìlú ti ń wò kọ́ṣe. Ti ọdún 2002, nọ́ńbà 178, sọ pé ẹnikẹ́ni tó ń ta oúnjẹ ẹran tàbí èròjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi ìwé hàn nípa ẹni tó tà á fún un àti ẹni tí òun tà á fún. Ti ọdún 2005, nọ́ńbà 183, sọ pé gbogbo ẹni tó wà nínú òwò náà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, láti orí ẹni tó ń gbé e nínú ọkọ̀ dé orí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sí ilé ìkẹ́rù, àti pé àgbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ra oúnjẹ ẹran lọ́wọ́ ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá ń po oúnjẹ fúnra rẹ̀ lóko pẹ̀lú prímíìsì, ojú òfin tó rẹ̀ náà. Gúúsù Áfíríkà kò tilẹ̀ dúró de ìyà: láti ọdún 1947 ni òfin wọn nọ́ńbà 36 ti fi oúnjẹ ẹran, ajílẹ̀ àti oògùn oko sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan, lábẹ́ ọ̀gá kan.

Oògùn inú oúnjẹ jẹ́ apá tí a kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1950 tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ti rí i pé oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotic) díẹ̀ nínú oúnjẹ máa ń mú kí ẹran tètè dàgbà, gbogbo ayé ló ń lò ó. Sweden kọ́kọ́ fòfin dè é ní ọdún 1986. Yúróòpù parí tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2006. Láti ọdún 2017, Amẹ́ríkà kò gbà kí wọ́n fi oògùn tí èèyàn náà ń lò mú ẹran dàgbà, dókítà ẹran ló sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lu èyí tí wọn yóò fi sínú oúnjẹ fún ìtọ́jú. Ṣáínà dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 2020. Ìdí kan náà ni gbogbo wọn fi ṣe é: kòkòrò tó bá ti mọ oògùn lára adìẹ kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́ nígbà tó bá dé ara ọmọ wa. Nàìjíríà ní ètò ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 2017, ṣùgbọ́n oxytetracycline àti enrofloxacin, méjì lára irú oògùn bẹ́ẹ̀, ṣì ń jáde láti ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran láìsí ìwé dókítà kankan.

Kódà ibi tí kò ti sí ẹni tó fẹ́ ṣe ibi, ẹ̀rọ ìpò lè ṣe é. Bí wọ́n bá po oúnjẹ adìẹ ẹran tó ní oògùn àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ (coccidiosis), tí wọn kò sì fọ inú ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó po ti adìẹ tó ń yé, èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ yóò bá a lọ. Nicarbazin, ọ̀kan lára àwọn oògùn bẹ́ẹ̀, máa ń mú kí ẹyin aláwọ̀ búráùn funfun, kì í sì í jẹ́ kí ẹyin pa dáadáa. Àgbẹ̀ tó bá rí ẹyin rẹ̀ tó ń ṣí láwọ̀ láìnídìí yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n pò ṣáájú tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Ojútùú rẹ̀ kò wọ́n: kí wọ́n to iṣẹ́ ọjọ́ náà kí oúnjẹ tó ní oògùn kẹ́yìn, kí wọ́n sì fi àgbàdo lásán fọ ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Níbo wá ni kí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀? Èrò tèmi ni pé kì í ṣe nípa dídá àjọ mìíràn sílẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ìlànà ọjà sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n àfikún rẹ̀ kẹrin (Fourth Schedule) fi ọjà fúnra rẹ̀, ìyẹn kíkọ́ ọ, títọ́jú rẹ̀ àti ṣíṣe àkóso rẹ̀, sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọjà ọkà ni májèlé ti ń wọlé, ìjọba ìbílẹ̀ sì ti ń gba owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń já ọkà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú ọkà kò tóbi ju ohun tí ọwọ́ lè gbé, àyẹ̀wò aflatoxin tó ń fi ìlà hàn lórí ìwé pélébé sì wà tí kì í gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí ọjà ọkà ńlá ńlá, tí àwọn ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà bá wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, tí NAFDAC sì sọ nọ́ńbà tí ọkà kò gbọ́dọ̀ kọjá, ọkà tó mọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ní owó tirẹ̀. Àwọn tó ní fíìdìmìlì náà yẹ kí òfin kàn, kì í ṣe pẹ̀lú ẹrù ìwé tí yóò ti wọ́n pa, bí kò ṣe pẹ̀lú ohun mẹ́ta péré: kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní ibì kan ṣoṣo, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n lọ̀ àti ẹni tó ni ín, kí wọ́n sì tọ́jú díẹ̀ nínú gbogbo ohun tí wọ́n pò fún oṣù mélòó kan.

Títí ìyẹn yóò fi dé, ìwọ̀nba wà tí ọlọ́sìn lè ṣe. Nígbàkígbà tí wọ́n bá po oúnjẹ fún un, kó bu díẹ̀ láti àpò bíi mélòó kan, kó pò ó pọ̀, kó fi í sínú àpò ìwé, kì í ṣe nínú nylon tó máa ń mú un làágùn, kó kọ ọjọ́ àti ibi tó ti ra èròjà kọ̀ọ̀kan sí i lára, kó sì gbé e síbi tó tutù tó sì gbẹ. Bó bá jẹ́ oúnjẹ tó lórúkọ ló rà, kó tọ́jú àpò náà àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, pẹ̀lú rìsíìtì. Bí wàhálà bá dé, kó pe dókítà ẹran láti ṣí òkú adìẹ kan wò kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, kó mú apá kan nínú oúnjẹ tó tọ́jú lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí apá kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Pẹ̀lú èsì yẹn ni yóò fi lè lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó wà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, tàbí kó kọ̀wé sí FCCPC láti béèrè owó rẹ̀ padà, nítorí òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní ọdún 2019 gbà pé ẹni tó ta ọjà tó ní àbùkù lè ru ẹ̀bi ìpalára tí ọjà náà ṣe.